Ewédò tó ń kú tó ń jí: bí mo ṣe lé e kúrò nínú púùlù Màmá

Bàríga ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n àwọn púùlù tí mo ń tọ́jú wà ní Ìkòyí, Lẹ́kí àti Màgódò. Ilé méje ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí Third Mainland Bridge ni ilẹ̀ máa ń mọ́ bá mi, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi, ọ̀pá búrọ́ọ̀ṣì á ti yọ jáde lójú fèrèsé ọkọ̀. Ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ wà ní Ìkòyí, ilé àtijọ́ kan tí igi fúrúùtù ńlá dúró sí lẹ́yìn. Màmá tó ni ín ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kì í wọnú omi mọ́, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń wẹ̀ níbẹ̀ tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi. Lọ́dún tó kọjá, ó pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday kan.

"Bàbá Púùlù, nǹkan yẹn tún ti dé o."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ jẹ́ n débẹ̀ lọ́la."

"Ọ̀la ọ̀hún ni o sọ níjọ́sí."

Òótọ́ ni. Ìgbà kẹta nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nǹkan yẹn ni ewédò, èyí tí àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ ń pè ní àlijí, ohun tó ń mú ògiri púùlù yọ̀ bí ilá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pa á, ẹ̀ẹ̀mẹta ló jí dìde. Ẹni tó bá ní púùlù nílé tó sì ti da kílórínì títí tí kò gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ewédò ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ibi ìsápamọ́ ló ní, àwa la sì ń fún un láyè lóru.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tẹ́ ẹ̀ ń bá jà. Èyí tó ń sọ gbogbo omi di àwọ̀ ewé lẹ́yìn òjò ńlá kì í ṣe alágídí. Ariwo lásán ni tiẹ̀. Òru méjì sí mẹ́ta pẹ̀lú kílórínì tó pé ti tó fún un. Alágídí àkọ́kọ́ ni aláwọ̀ yẹ́lò. Apá ibi tí òjìji bá wà ló máa ń lẹ̀ mọ́, á dà bí ìgbà tí eruku ọyẹ́ bà lé ògiri. Tẹ́ ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, á tú yẹ́ẹ́ bí èlùbọ́ tí wọ́n ń kù, omi á ru díẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ó bá a níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Eruku àti yanrìn náà máa ń tú bẹ́ẹ̀, àmọ́ yanrìn kì í gun ògiri, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí. Tẹ́ ẹ bá rí i tó dúró lára ògiri gbọọrọ, ewédò ni. Irú èyí ló wà nílé Màmá, lábẹ́ ẹ̀ka fúrúùtù gan-an, níbi tí oòrùn kì í dé títí di aago mẹ́ta ọ̀sán.

Alágídí kejì ni dúdú. Ó máa ń dà bí yíǹkì tó kán sáàárín táìlì méjì. Orí ẹ̀ le bí èépá ojú egbò, ó sì ti wọnú sìmẹ́ǹtì lọ. Kílórínì á kàn máa ṣàn lórí ẹ̀ kọjá ni, kò ní í wọlé. Màá padà sórí ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan èèyàn jẹ: irin. Ọ̀pọ̀ omi bohóòlù l'Ékòó ló ní irin nínú. Ẹ bu omi púùlù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ wọ́n kílórínì díẹ̀ sí i, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá mọ́, ewédò ni. Tó bá pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, irin ni, kílórínì tẹ́ ẹ bá sì tún dà sí i yóò kàn máa pọ́n ọn sí i ni, á sì máa fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára táìlì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan péré á gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ gbà yín ni pé kẹ́ ẹ fa omi náà gbẹ, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ bu tuntun. Bùrọ̀dá kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí Màmá ti ní kí wọ́n pe àwọn tó máa fà á. Mo ní kí wọ́n má ṣe é. Ní Ìkòyí, Victoria Island àti Lẹ́kí, omi abẹ́ ilẹ̀ ò jìnnà rárá, pàápàá láàárín oṣù Kẹfà àti oṣù Keje tí òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti mu ún yó. Ìwúwo omi inú púùlù ló ń tẹ púùlù náà mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fà á tán, omi ìsàlẹ̀ á máa tì í sókè, odidi púùlù lè léfòó bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kó ẹrù ẹ̀ kúrò. Mo ti rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ní Lẹ́kí. Etí ẹ̀ ti fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ, gbogbo páìpù ẹ̀ sì ti já. Olówó ilé náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, inú yanrìn fílítà (àgbá tó ń sẹ́ omi) àti inú páìpù ni ewédò náà wà pẹ̀lú, omi tuntun ló sì máa fi ṣe oúnjẹ.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá lọ́jọ́ Monday, mo kọ́kọ́ yẹ omi wò. Ohun tí mi ò ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí mo ti lọ nìyẹn. Mo wo àwọ̀ omi, mo da kílórínì, mo gba owó mi, mo lọ. Iṣẹ́ agbẹ́nàgbẹ́nà tí kò mú tépù lọ ni mo ń ṣe.

Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò: kílórínì, pH (nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó), àti ohun tí wọ́n kọ sára páálí pé ó ń jẹ́ stabilizer tàbí cyanuric acid. Èmi máa ń pe ìkẹta yìí ní agbòòrùn, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn: ó ń bo kílórínì kí oòrùn má baà pa á. Tí kò bá sí i rárá nínú omi, oòrùn ọ̀sán Èkó á jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú kílórínì yín láàárín wákàtí mélòó kan. Tó bá sì ti pọ̀ jù, ó ti dì mọ́ kílórínì nìyẹn, kò ní í jẹ́ kó jáde ṣiṣẹ́. Láàárín 30 sí 50 ló dára, ìyẹn gíráàmù nínú 1,000 lítà omi.

Wọ́n máa ń fi ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àmì dúdú nísàlẹ̀ wọn agbòòrùn yìí. Ẹ ó po omi púùlù mọ́ oògùn tó wà nínú kíìtì tá a fi ń yẹ omi wò, á funfun bí omi ìrẹsì, ẹ ó wá máa dà á sínú ìgò náà díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa wo ìsàlẹ̀ láti òkè. Ibi tí àmì dúdú yẹn bá ti pòórá lójú yín ni ẹ ó ti ka nọ́ńbà. Ti Màmá ò tíì dé ibi tí nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀ tí àmì náà ti pòórá. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi bu omi púùlù pọ̀ mọ́ omi inú ọ̀rá, ìdajì sí ìdajì, a tún un wọ̀n: 55. Ìyẹn ni pé 110 ló wà nínú púùlù.

Mo pe mẹ́gáàdì. "Kí lẹ máa ń fi sínú omi yìí tí mi ò bá sí?"

Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó ṣí ike ńlá kan: àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì kílórínì funfun rọ̀bọ̀tọ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti ń ju wọ́n síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀kan sí méjì, kò sì ṣe ohun tó burú. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n agbòòrùn wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn. Gbogbo ìgbà tó bá fi ìwọ̀n kílórínì 10 kún omi, ó ń fi agbòòrùn bíi 6 kún un pẹ̀lú. Kílórínì á lò tán, agbòòrùn á dúró. Kò sí ohun tó ń mú un kúrò àfi kẹ́ ẹ da omi nù.

Ẹ wá rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ìgbà mẹ́ta tí mo da kílórínì sí omi yẹn, ẹni tó ti wọ agbádá mẹ́ta lórí ara wọn ni mo ní kó sáré.

Torí náà a ní láti da omi nù, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n má dà á nù. Ìdá mẹ́ta ni mo pín in sí. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, a fa ìdá kan jáde, a bu tuntun sí i, a jẹ́ kí pọ́ǹpù yí i pọ̀ fún ọjọ́ méjì, a tún fa ìdá kan. Agbòòrùn kúrò ní 110, ó di 73, ó wá di 49. Ìdá méjì nínú mẹ́ta omi ò kúrò nínú púùlù nígbà kankan, torí náà púùlù ò rí àyè gbéra. Omi táńkà la rà. Mo ti wọ́n kílórínì sí ti bohóòlù ilé nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó pọ́n.

Lẹ́yìn náà ni pH. Ẹ mú un wá sí 7.2 kẹ́ ẹ tó da kílórínì ńlá. Ó nídìí. Tí pH bá wà ní 7.5, bí ìdajì kílórínì inú omi ló wà ní ipò tó lè pa nǹkan. Tó bá ti gòkè dé 8, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin mọ́. Kílórínì oníyẹ̀fun, èyí tí wọ́n ń tà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, fúnra ẹ̀ máa ń gbé pH sókè. Ásíìdì la fi ń mú un wálẹ̀: ìdajì lítà lẹ́ẹ̀kan, níbi tí omi ti jìn, tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ dúró fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tó tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ n dúró síbí díẹ̀, torí ibí lèèyàn ti ń kú. Ásíìdì àti kílórínì ò gbọdọ̀ pàdé àfi nínú omi púùlù fúnra ẹ̀, pẹ̀lú wákàtí láàárín wọn. Tí ásíìdì bá dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kílórínì, èéfín tó máa jáde lè pa ẹni tó wà nínú yàrá pọ́ǹpù kó tó rí ilẹ̀kùn. Ẹ má fi ife tẹ́ ẹ fi bu tábúlẹ́ẹ̀tì bu kílórínì oníyẹ̀fun. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú ọ̀rinrin díẹ̀ lè gbiná, wọ́n lè bú gbàù. Inú omi ni kẹ́ ẹ máa da kẹ́míkà sí, ẹ má da omi lé kẹ́míkà lórí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú. Mo ti rí ilé tí wọ́n to bọ́kẹ́ẹ̀tì kílórínì ti gálọ́ọ̀nù epo jẹnẹrétọ̀, tí ásíìdì wà lórí pẹpẹ tó wà lókè wọn. Mo gbé ásíìdì náà jáde kí n tó kí onílé.

Ìwọ̀n wá ńkọ́? Ẹ wọn gígùn, ìbú àti jíjìn púùlù ní mítà. Ti Màmá jẹ́ 8 lọ́nà 4. Ibi tí kò jìn jẹ́ mítà 1, ibi tó jìn jẹ́ 2, àárín wọn sì jẹ́ 1.5. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di púpọ̀: 48. Ìyẹn ni 48,000 lítà. Gíráàmù kílórínì 1 nínú 1,000 lítà omi ni à ń pè ní ìwọ̀n 1. Kílórínì oníyẹ̀fun kì í ṣe kílórínì pátápátá. Ẹ wo ara bọ́kẹ́ẹ̀tì, 65 nínú 100 ló wà lára èyí tí mo ń rà l'Ọ́jọ́ta. Torí náà, láti fi ìwọ̀n 1 kún púùlù Màmá, gíráàmù 74 ni. Ẹ fi òṣùwọ̀n ìdáná wọ̀n ọ́n, kí ẹ má sì fi òṣùwọ̀n náà wọn ìyẹ̀fun búrẹ́dì mọ́ láéláé.

Ìwọ̀n tó máa pa ewédò wà lọ́wọ́ agbòòrùn. Fún ewédò aláwọ̀ ewé, mo máa ń gbé kílórínì dé 40 nínú 100 agbòòrùn: tí agbòòrùn bá jẹ́ 50, kílórínì á jẹ́ 20. Yẹ́lò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ́ 60 nínú 100, ìyẹn 30. Nílé Màmá, ó já sí kílò 2 àti gíráàmù 200. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdajì kílò ni mo dà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dà á, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ògiri. Kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe ń gbálẹ̀ pálọ̀. Ẹ tì í mọ́ ògiri pẹ̀lú ìwúwo ara, láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ìlà kan gun orí èkejì. Púùlù onísìmẹ́ǹtì lè gba búrọ́ọ̀ṣì onírin aláìdípẹtà. Tó bá jẹ́ onírọ́bà tàbí fáíbà, ti ọ̀rá ni kẹ́ ẹ lò, onírin á ya á. Ẹ gbá a ṣáájú kílórínì, ẹ gbá a lẹ́yìn kílórínì, ẹ tún gbá a láàárọ̀.

Ibi ìsápamọ́ ni mo ti sọ pé ewédò ní. Nílé Màmá, mo dojú bolẹ̀ sétí omi, mo na ọwọ́ sẹ́yìn àkàbà irin. Ó yọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìgbésẹ̀ àkàbà yẹn, ewédò yẹ́lò nípọn bí awọ orí ògì. Síkímà, ihò etí omi tó ń fa ewé wọlé, abẹ́ ìdérí ẹ̀ tí ẹnì kankan ò wò rí, ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn iná inú omi ló burú jù: iná náà jókòó sínú ihò kan nínú ògiri, omi wà lẹ́yìn ẹ̀, omi ọ̀hún kì í rìn. A pe oníná, ó pa iná náà láti ibi fúúsì nínú ilé, ó yọ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ ihò yẹn. Ohun tó jáde dúdú, ó sì ń rùn bí ẹrẹ̀ etí ọ̀sà. Àwọn bọ́ọ̀lù àti rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń léfòó wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì, wọn ò tíì gbẹ. Búrọ́ọ̀ṣì tèmi pàápàá, èyí tí mo ń gbé láti ilé kan dé ilé kejì! Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo gbé e wá láti Lẹ́kí. Inú púùlù ni mo sọ gbogbo ẹ̀ sí, bọ́ọ̀lù, rọ́bà, búrọ́ọ̀ṣì, okùn, kí kílórínì kan náà lè kan gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Aṣọ ìwẹ̀ àwọn ọmọ lọ sí ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ dà á. Mo máa ń dúró títí oòrùn á fi wọ̀. Mo po ó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún fún omi púùlù, mo wá ń rìn yí púùlù ká, mò ń dà á díẹ̀díẹ̀ níwájú ẹnu páìpù tí omi ti ń padà wọlé, kí ó má baà lọ jókòó lójú kan kó bó àwọ̀ ilẹ̀. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín: iná ta ni? Ẹni tó bá wà ní Bándì A lè rí i ṣe. Ẹlòmíì á ra dísẹ́ẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀. Nílé Màmá, iná lọ ní aago kan òru, a sì ti gbà tẹ́lẹ̀ pé jẹnẹrétọ̀ á gbé pọ́ǹpù nìkan, kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ amúlétutù kankan. Tí kò bá sí ọ̀nà míì rárá, ẹ fi ọ̀pá ro omi yẹn ká ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Ó máa ń rẹni, ṣùgbọ́n ó sàn ju omi tó dúró gbagidi lọ.

Ẹ yẹ kílórínì wò lóru, ẹ tún fi kún un tó bá ti wálẹ̀. Ibí ni ọmọ iṣẹ́ mi ti fẹ́ ṣìṣe. Oògùn tá a fi ń yẹ kílórínì wò máa ń sọ omi di píǹkì. Bó bá ṣe pọ́n tó ni kílórínì ṣe pọ̀ tó. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó kán an sínú ìgò, ó sì pariwo: "Ọ̀gá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o!" Ó ti ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó tún un kán, kó má mójú kúrò níbẹ̀. Omi náà pọ́n fẹ̀ẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì padà mọ́ gaara. Kílórínì tó pọ̀ jù máa ń pa àwọ̀ yẹn rẹ́. Kò sí nǹkan kan ló dà bí, nígbà tó jẹ́ pé ó ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. A bu omi púùlù ìdá kan mọ́ omi inú ọ̀rá ìdá mẹ́rin, a yẹ̀ ẹ́ wò, a sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà márùn-ún: 30.

Lọ́jọ́ kejì omi á ti fi àwọ̀ ewé sílẹ̀, á wá rí bí omidùn. Òkú ewédò ni. Fílítà ló kù tó máa kó o jáde. Ẹ wo aago tó ń ka ipá omi lórí àgbá fílítà: tó bá ti fi 8 sí 10 psi ga ju bó ṣe wà nígbà tó mọ́, ẹ ṣe bákíwọ́ọ̀ṣì, ìyẹn kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi gba ẹ̀yìn fọ yanrìn náà. Ẹ pa pọ́ǹpù kí ẹ tó yí ọwọ́ fáàfù. Gbogbo ìgbà. Rọ́bà kan wà nínú ẹ̀ tó rí bí òwú aláǹtakùn, tẹ́ ẹ bá yí i nígbà tí omi ń tì í, á fà ya, omi ẹlẹ́gbin á sì máa gba ẹ̀yìn padà sínú púùlù. Láti FILTER sí BACKWASH, títí gíláàsì kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á fi mọ́, ẹ pa á, ẹ yí i sí RINSE fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ pa á, ẹ dá a padà sí FILTER. Èyí tó bá ti sùn sílẹ̀, WASTE ni kẹ́ ẹ fi fà á jáde, kó má gba inú yanrìn kọjá rárá. Àwọn kan máa ń da álọ́ọ̀mù sí i kó lè tètè sùn. Ó dára, tí pọ́ǹpù bá ti kú tí omi sì dúró jẹ́ẹ́ mọ́jú. Ṣùgbọ́n tó bá gba inú fílítà, yanrìn á dì pọ̀ bí ẹ̀bà àná.

Yanrìn fílítà kì í ṣe ṣáàpù sáńdì o. Mo ṣí ọ̀kan ní Màgódò tí wọ́n ti lọ bu yanrìn lójú ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ìdajì ẹ̀ ti wà ní ìsàlẹ̀ púùlù. Ọdún márùn-ún sí méje ni yanrìn gidi máa ń lò.

Ọ̀rọ̀ bùlúù sítóònù, òkúta bùlúù tí àwọn kan fi ń pa ewédò, màá sọ ọ́ kíákíá torí ojú ń tì mí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo da púpọ̀ sínú púùlù kan ní Màgódò, torí ohun tí ọ̀gá mi ń ṣe nìyẹn. Ewédò kú lóòótọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àtẹ̀gùn funfun inú omi náà di àwọ̀ bíi ti owó bàbà tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀, ìyàwó ilé náà sì sọ fún mi pé irun ọmọbìnrin òun tó pa láwọ̀ wúrà ti ń di àwọ̀ ewé. Bàbà ló wà nínú òkúta yẹn, kì í sì í kúrò nínú omi bọ̀rọ̀. Wọn ò pè mí mọ́.

Dúdú tí mo ní màá padà sí: ohun tí mo bá lára ẹ̀ ni pé orí ẹ̀ la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin kékeré ha ojú kọ̀ọ̀kan títí tó fi ya. Lẹ́yìn náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ mú tábúlẹ́ẹ̀tì kílórínì kan, ẹ fi pa ojú yẹn bí ẹni ń pa ọṣẹ mọ́ kọ́là aṣọ. Iṣẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí mo ṣì fara mọ́ nìyẹn. Lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà míì méjì. Ẹ má gba ẹni tó bá ní òun á ṣe é lọ́sàn-án kan gbọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tán? Omi tó mọ́ gaara kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ti gba ẹ̀rí yẹn gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ wọn kílórínì lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún wọ̀n ọ́n kí oòrùn tó yọ. Oòrùn ò sí lóru láti jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì wọnú omi. Tó bá fi ju 1 lọ dín, ẹ̀dá kan ṣì ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Nílé Màmá, òru àkọ́kọ́, 30 di 19. Òru kejì, 30 di 25. Òru kẹta, 30 di 27. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mi ò tíì tú ìdérí abẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí kò jìn. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́.

Mo sun ilé Màmá lóru kẹrin, lórí àga ní bárándà, kí n má baà bá Third Mainland fà á ní ìdájí. Ní aago mọ́kànlá alẹ́, 28. Ní aago márùn-ún àbọ̀, bí àwọn àdán ṣe ń kúrò lórí fúrúùtù, mo bu omi, mo pò ó, mo kán oògùn sí i, mo gbé ìgò náà sókè sí iná fóònù mi. 28.

Màmá ti jí, ó wà lójú fèrèsé. "Ṣé káwọn ọmọ lè wọ̀ ọ́ báyìí?"

Mo ní rárá, Màmá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wálẹ̀ sí 3, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n sì sọ fún mẹ́gáàdì kó kó ike tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn fún mi.